Àgbáyun: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Èso Tó Ń Mú Ohun Kíkan Dùn Lẹ́nu

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló mọ àgbálùmọ̀, wọ́n mọ ìyeyè, wọ́n sì mọ àwìn dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ àgbáyun, àwọn àgbà díẹ̀ ni ojú wọn máa ń tàn. Ó ká mi lára pé ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí igi yìí kò ti òkè òkun wá. Inú igbó wa ló wà kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń bi ara wọn nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Mo dáhùn wọn láìfi àbùmọ́ kún un, torí pé ohun tí èso náà ń ṣe ní tòótọ́ ti tó ohun tí à ń yìn.

Kí ni àgbáyun gan-an, ibo ló sì ti wá?

Àgbáyun jẹ́ igi kékeré tí ewé rẹ̀ máa ń tutù yọ̀yọ̀ jálẹ̀ ọdún. Nínú igbó, ó lè ga tó mítà 2 sí 6, ṣùgbọ́n èyí tí a bá gbìn sí ẹ̀yìnkùlé kì í sábà ga tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ni *Synsepalum dulcificum*, ìdílé kan náà ni òun, àgbálùmọ̀ àti igi ẹmi tí a ti ń rí òrí sì ti wá. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó sì funfun. Èso rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, ó máa ń ní àwọ̀ ewé nígbà tí kò tíì gbó, á sì pupa fòò nígbà tó bá pọ́n.

Bí ẹ bá la èso kan sí méjì, ẹ ó rí i pé awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, pé ẹran inú rẹ̀ funfun, ó ń yọ̀, kò sì pọ̀, àti pé kóró kan ṣoṣo ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí a bá jẹ ẹ́ lóun nìkan, ó dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀, kò sì sí ohun ìyanu kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tí kò sì fi ohun kíkan tẹ̀lé e lè máa rò pé irọ́ ni wọ́n pa fún òun.

Ilé rẹ̀ ni Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, láti Gánà títí dé agbègbè Kóńgò, ó sì ń hù ní gúúsù Nàìjíríà àti ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn Fọn ń pè é ní sisrè, àwọn Akan ní Gánà sì ń pè é ní asaa.

Ṣé òun náà ni èso tó máa ń wà nídìí ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín?

Rárá o, àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn máa ń fi èkíní pe èkejì. Ewé ìpọ́n mọ́ínmọ́ín tí à ń sọ yìí, *Thaumatococcus daniellii*, ń so èso pupa onígun mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ gan-an nítòsí ilẹ̀. Purotéènì kan wà nínú èso náà tí à ń pè ní thaumatin, tí òun fúnra rẹ̀ dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ẹni tó bá fi í sẹ́nu yóò gbọ́ adùn rẹ̀ láìjẹ ohun kíkan kankan tẹ̀lé e. Àgbáyun kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í mú adùn tirẹ̀ wá. Ahọ́n ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ohun kíkan tí a bá sì jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò wá dùn.

Báwo ló ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí? Ṣé oògùn ni àbí idán?

Kì í ṣe idán rárá, ọ̀nà tó ń gbà ṣe é sì ti di mímọ̀. Ní ọdún 1968 ni Kenzo Kurihara àti Lloyd Beidler, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú èso náà sọ́tọ̀. Ní ọdún kan náà, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Netherlands náà ṣe irú iṣẹ́ yìí láìsí lábẹ́ wọn. Purotéènì ni ohun náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní miraculin.

Nígbà tí a bá fi ẹran èso yìí ra ahọ́n, miraculin á lẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀yà tín-ín-tín orí ahọ́n tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá adùn mọ̀. Bí kò bá sí ohun kíkan lẹ́nu, yóò kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ohun kíkan bá ti dé, irú bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, miraculin á yí padà, á sì ta àwọn ẹ̀yà náà jí, tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ohun dídùn ló wọlé. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Japan fi ìyípadà yìí hàn nípa lílo àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ní irú ẹ̀yà ìdá-adùn-mọ̀ tí ènìyàn ní. Bí ohun náà bá ṣe kan tó ni adùn rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó, dé ìwọ̀n kan. Ìdí nìyí tí ọsàn wẹ́wẹ́, tó kan gógó, fi máa ń dùn ju ọsàn mímu tí kò kan púpọ̀ lọ lẹ́nu ẹni tó ti jẹ àgbáyun.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun kan sọ́kàn, torí pé gbogbo ìdáhùn tó kù rọ̀ mọ́ ọn: ahọ́n nìkan ló yí padà. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà ṣì kan bí ó ti kan tẹ́lẹ̀, inú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni kí n ṣe jẹ ẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa?

Ẹ mú èso kan tó ti pọ́n dáadáa, ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ sì jù ú sẹ́nu. Ẹ má gbé e mì. Ẹ fi eyín bó awọ rẹ̀, kí ẹ wá máa fi ahọ́n yí ẹran rẹ̀ kiri fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí ó kan iwájú ahọ́n, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà kí ẹ tu kóró rẹ̀ dànù. Ibi tí ẹran èso náà kò bá dé lórí ahọ́n yóò ṣì máa gbọ́ kíkan. Èso kan tó fún àgbàlagbà. Ẹni tó bá jẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò ní rí adùn ìlọ́po mẹ́ta.

Agbára rẹ̀ máa ń wà lẹ́nu fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí méjì. Itọ́ ni yóò máa ṣàn án lọ díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ gbígbóná máa ń tètè lé e lọ, nítorí náà ohun tútù tàbí ohun lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló bá a mu jù.

Oúnjẹ ilé wa wo ni mo lè fi àgbáyun jẹ?

Ibí yìí ni mo rò pé ó yẹ kí a dúró sí pẹ́, nítorí pé oúnjẹ Yorùbá kún fún ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó kan, lẹ́yìn náà ni a ó wá da ṣúgà lé e lórí.

Ẹ wo gàárì Ìjẹ̀bú. Kíkan rẹ̀ ni iyì rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè mu ún láìbu ṣíbí ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra ahọ́n rẹ̀ pẹ̀lú àgbáyun, tó wá da omi tútù sí gàárì, tó sì fi ẹ̀pà sí i, yóò rí i pé gàárì náà dùn láìsí ṣúgà kankan níbẹ̀. Bí gàárì náà bá ṣe kan tó ni yóò ṣe dára tó. Gàárì tí wọn kò jẹ́ kó kan kò ní yí padà púpọ̀, kò sì yẹ kí ẹ dá èso náà lẹ́bi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ògì rí. Ògì tó ti wà nínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, tó sì ti kan dáadáa, á dùn lẹ́nu bí a bá fi ṣe ẹ̀kọ mímu, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ tó mu ún. Lílò yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1852, oníṣègùn ará ìlú Ọba kan, W. F. Daniell, tó ti gbé ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ máa ń jẹ èso yìí kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ àgbàdo tó ti kan, àti kí wọ́n tó mu ẹmu ọ̀pẹ àti pitó (ọtí tí wọ́n fi ọkà pọn) tó ti kan. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1725, ará Faransé kan tí wọ́n ń pè ní Chevalier des Marchais ti rí irú àṣà bẹ́ẹ̀ ní agbègbè wa. Àwọn baba ńlá wa kò ní ṣúgà ní àpò-àpò. Èyí ni wọ́n fi ń tún oúnjẹ wọn ṣe.

Sóbò jẹ́ ohun mìíràn tó bá a mu gan-an. Ìṣápá pupa kan púpọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sè é tà fi máa ń da ṣúgà púpọ̀ sí i. Ẹ sè é pẹ̀lú atalẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbé e sínú fìríìjì kó tutù láìfi ṣúgà kankan sí i, kí ẹ sì jẹ àgbáyun kí ẹ tó mu ún. Nọ́nọ̀ tàbí yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà náà yóò dùn bíi pé wọ́n fi oyin sí i. Ìyeyè, àjàgbọn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí kò tíì pọ́n tán, máńgòrò tútù, àti àgbálùmọ̀ tó kan tó ń mú ẹnu fún pọ̀, gbogbo wọn ló máa ń yí padà. Tòmátò tútù tí a bá gé wẹ́wẹ́ yóò dùn bí èso tí a lè jẹ lẹ́yìn oúnjẹ.

Ẹmu tó ti kan ń fẹ́ ìṣọ́ra. Yóò dùn lẹ́nu bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ọtí inú rẹ̀ kò dín kù, ó sì le ju ti àárọ̀ lọ. Ẹni tó bá ń fi adùn díwọ̀n bí yóò ṣe mu tó yóò mu ju bí ó ti yẹ lọ.

Ṣé ó lè mú ewúro, agbo tàbí kọfí dùn?

Kò lè ṣe é. Ohun kíkan nìkan ni miraculin ń bá ṣiṣẹ́. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú kíkorò, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú iyọ̀ tàbí ata. Ewúro yóò korò bí ó ti ń korò. Kọfí tó ní kíkan díẹ̀ nínú lè dẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní di tíì oníṣúgà.

Ṣé mo lè sè é, kí n lọ̀ ọ́ sínú ohun mímu, tàbí kí n fi ṣe àkàrà òyìnbó dípò ṣúgà?

Sísè yóò ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Purotéènì ni miraculin, bí ooru bá sì pọ̀, pàápàá bí ó bá dé ibi tí omi ti ń hó, ìrísí rẹ̀ á bàjẹ́, agbára rẹ̀ á sì lọ. Ìdí nìyí tí kò fi lè rọ́pò ṣúgà nínú ohun tí a ń yan tàbí tí a ń sè. Kíkan tó pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́ náà ń bà á jẹ́, torí náà ẹni tó bá lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó sì gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì ti pàdánù rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí a bá pò ó mọ́ ohun mímu, yóò kọjá lórí ahọ́n kíá láìráyè lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jẹ àgbáyun ṣáájú, kí ẹ wá jẹ oúnjẹ. Ètò yẹn ni kò gbọdọ̀ yí padà.

Àǹfààní wo ló ṣe fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí tó fẹ́ dín ṣúgà kù?

Àǹfààní rẹ̀ tó dájú jù lọ nìyí, ó sì yẹ kí a ṣàlàyé rẹ̀ kó yé wa yékéyéké. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbà wá nímọ̀ràn ní ọdún 2015 pé kí ṣúgà tí a ń fi sí oúnjẹ má ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí à ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́ lọ, àti pé yóò tún dára jù bí ó bá lè wà lábẹ́ ìdá márùn-ún. Ìdá márùn-ún yìí jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 25 fún àgbàlagbà, ìyẹn ṣíbí tíì mẹ́fà. Abọ́ gàárì kan tí a fi ṣíbí mẹ́rin sí, àti ife sóbò kan, ti lè kọjá ìwọ̀n yẹn kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó bá ń jẹ àgbáyun kí ó tó jẹ wọ́n lè yọ gbogbo ṣúgà yẹn kúrò láìfi adùn du ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé èso náà ń lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Gàárì ṣì jẹ́ gàárì. Ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ yóò di ṣúgà nínú ara bí a bá ti gbé e mì, yálà ó dùn lẹ́nu tàbí kò dùn. Ṣúgà tó wà nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọsàn náà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ìwádìí kan wáyé ní Taiwan, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, èyí tó fi hàn pé àwọn eku tí wọ́n fún ní oúnjẹ oníṣúgà púpọ̀ ṣe dáadáa sí i nígbà tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú èso yìí kún un. Eku ni wọ́n, wọn kì í ṣe ènìyàn. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àgbáyun, ó sì yẹ kó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bí dókítà bá ṣe pa á láṣẹ.

Mo gbọ́ pé ó ń ran àwọn tó ní jẹjẹrẹ lọ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ wà nínú rẹ̀, bí a bá sọ ọ́ bí ó ti rí. Kì í wo jẹjẹrẹ sàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gba oògùn líle tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ máa ń pàdánù ìtọ́wò wọn: omi á máa rùn bí irin lẹ́nu, ẹran á máa korò, oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ á sì sú wọn, tí wọn yóò fi máa rù nígbà tí ara wọn nílò okun jù. Àgbáyun lè bo ìtọ́wò burúkú yẹn mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí aláìsàn lè rí nǹkan jẹ.

Ìwádìí kékeré kan ní Florida, tó jáde ní ọdún 2012, dán an wò lára ènìyàn 8, wọ́n sì sọ pé oúnjẹ ṣe ẹnu rere fún àwọn tó jẹ ẹ́. Ní Madrid, ní ilẹ̀ Sípéènì, wọ́n ṣe òmíràn lára àwọn aláìsàn 31 tí oúnjẹ kò tó lára wọn tí ìtọ́wò wọn sì ti bàjẹ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń lo àgbáyun gbígbẹ kí wọ́n tó jẹun, àwọn tó lo ìwọ̀n kékeré sì rí àyípadà sí rere nínú ìtọ́wò àti nínú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ. Inú mi dùn sí irú ìwádìí báyìí, ṣùgbọ́n iye ènìyàn inú wọn kò pọ̀. Bí ẹ bá ní ìyá, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó wà nínú ìtọ́jú yìí, ẹ sọ fún dókítà rẹ̀ kí ẹ tó gbé èso náà fún un, pàápàá bí ẹnu rẹ̀ bá ní egbò, torí pé ohun kíkan tí yóò tẹ̀ lé e lè ta egbò náà.

Ṣé àwọn fítámì àti èròjà aṣaralóore pọ̀ nínú rẹ̀?

Àwọn èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì wà nínú awọ àti ẹran rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà nínú ọ̀pọ̀ èso tó pupa. Ṣùgbọ́n èso kan tàbí méjì ni ènìyàn ń jẹ, ẹran inú rẹ̀ kò sì kún ṣíbí tíì. Ìbẹ́pẹ, ọsàn àti gúáfà ni kí ẹ wá lọ fún fítámì.

Ta ni ó yẹ kó ṣọ́ra?

Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú ni mo kọ́kọ́ ń ronú kàn. Bí kíkan bá ti parẹ́ lẹ́nu, ohun tó ń kìlọ̀ fún wa láti dáwọ́ dúró ti lọ nìyẹn, ènìyàn sì lè mu ọsàn wẹ́wẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà láìmọ̀ pé ohun tó ń ṣe ikùn léṣe ni òun ń mu. Inú rírun àti ìgbóná àyà ló máa ń tẹ̀ lé e. Eyín náà wà nínú ewu, nítorí ásíìdì ń jẹ ara eyín yálà ahọ́n gbọ́ ọ tàbí kò gbọ́ ọ. Ẹ fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn tí ẹ bá jẹun tán, kí ẹ sì dúró tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fọ eyín.

Ọmọdé lè jẹ ẹ́ níwájú àgbà, ṣùgbọ́n kóró rẹ̀ lè há ọmọ kékeré lọ́fun, torí náà kí ẹ yọ kóró kí ẹ tó fún un. Ní ti aláboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, àgbáyun gbígbẹ tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí àfikún oúnjẹ ni kí wọ́n yẹra fún. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó fàyè gba títà rẹ̀ ní ọdún 2021, yọ wọ́n sílẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n lè lò ó.

Èéṣe tí èso tó dára tó báyìí kò fi gbajúmọ̀ káàkiri ayé?

Ó kù díẹ̀ kó gbajúmọ̀ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà, Robert Harvey dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Miralin, kí wọ́n lè máa ta ohun jíjẹ tí a fi miraculin ṣe fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ àti àwọn tó fẹ́ dín ṣúgà kù. Ní ọdún 1974, nígbà tí wọ́n ti fẹ́ gbé e jáde, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀ sọ pé ohun àfikún sí oúnjẹ ni yóò jẹ́ lábẹ́ òfin, pé wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ọ̀pọ̀ ọdún àyẹ̀wò. Owó tán lọ́wọ́ wọn, ilé-iṣẹ́ náà sì kógbá sílé. Kì í ṣe pé wọ́n rí májèlé kankan nínú èso náà.

Ìdí kejì rọrùn láti rí: èso tó ti pọ́n kì í lò ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bàjẹ́. Aláte tó bá gbé e láti oko lọ sí Èkó ti ń bá àkókò sáré. Àwọn ará Japan, Taiwan àti gúúsù Florida ti ń gbìn ín báyìí, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Tsukuba ní Japan sì ti mú kí tòmátò àti lẹ́túùsì máa pèsè miraculin. Ó yẹ kí ó dun àwa tí a ni ín pé àwọn ẹlòmíràn ń náwó lé e, nígbà tí a ń gé tiwa lulẹ̀ láti fi ilẹ̀ kọ́lé.

Báwo ni mo ṣe lè tọ́jú rẹ̀ kó pẹ́?

Ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ fọ èso tó pọ́n, ẹ gbẹ omi ara rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ mímọ́, kí ẹ sì kó o sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ wá gbé e sínú fìrísà kó di yìnyín. Yóò wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, iye tí ẹ nílò nìkan ni kí ẹ mú jáde. Ẹ jẹ ẹ́ bó bá ti ń yọ́, ẹ má sì dá a padà. Níbi tí iná kò ti dúró, ó sàn kí ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ já a.

Àwọn oníhóró tí wọ́n ń tà nínú páálí ni wọ́n ṣe nípa mímú kí èso náà di yìnyín, kí wọ́n tó fa omi ara rẹ̀ jáde láìlo ooru. Wọ́n ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ rà wọ́n ní Nàìjíríà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi èyí tí wọ́n bá kọ sí lára pé ó ń wo àtọ̀gbẹ, jẹjẹrẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ṣé mo lè gbìn ín sí àgbàlá mi?

Ẹ lè gbìn ín, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ gbìn ín. Kóró rẹ̀ kò fẹ́ gbígbẹ rárá. Bí ó bá gbẹ, yóò kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, torí náà ẹ má ṣe gba kóró tí wọ́n ti fi pamọ́ láti ọdún tó kọjá. Bí ẹ bá ti jẹ èso tán, ẹ fọ ẹran tó kù lára kóró náà, kí ẹ rì í sínú ilẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an nínú ike tàbí láílọ́ọ̀nù ìgbin-nǹkan, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó yọ.

Ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìṣe. Àgbáyun fẹ́ràn ilẹ̀ tó ní kíkan, irú èyí tí ewé jíjẹrà pọ̀ nínú rẹ̀, tí omi kì í sì dá dúró sí. Àṣà wa ni láti máa da eérú ààrò sídìí irúgbìn, ó sì dára fún ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n eérú máa ń pa kíkan ilẹ̀, àwọn ewé àgbáyun yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ títí igi náà yóò fi dẹ́kun dídàgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí sìmẹ́ńtì ti ń wọ́ sílẹ̀.

Ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni ó máa ń gbà kó tó so, kì í sì yára dàgbà, nítorí náà kí ẹ má fà á tu nítorí pé kò ga ju orúnkún lọ ní ọdún kejì. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í so, ó lè so ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, pàápàá lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa. Àwọn ẹyẹ fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, torí náà ẹ tètè jí já àwọn èyí tó bá ti pupa.